Kí ni kò jẹ́ kí sátẹ́láìtì jábọ́ láti ojú ọ̀run?

Ìyá Olùkọ́, Ọ̀bà-Ilé, Àkúrẹ́:

Ẹ̀yin ará wa, mo kí yín o. Àwọn ọmọ girama kékeré ni mo ń kọ́ ní sáyẹ́ǹsì, ìbéèrè kan sì délẹ̀ ní kíláàsì tí mo fẹ́ kí àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ bá mi tú palẹ̀ kí n tó padà sọ́dọ̀ wọn. Àwọn kan nínú wọn rí ìmọ́lẹ̀ kan tó ń rìn lọ lójú sánmà lẹ́yìn tí oòrùn wọ̀. Kò ṣẹ́jú bí iná ọkọ̀ òfurufú, kò ní ariwo, ó ń lọ tààrà láì yà, ó sì pòórá lójijì láàárín ojú ọ̀run níbi tí kò ti sí ìkùukùu kankan. Mo sọ fún wọn pé ó jọ pé Ibùdó Òfurufú Àgbáyé ni, níbi tí àwọn èèyàn ń gbé tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ ìwádìí.

Ìbéèrè tó tẹ̀lé ọ̀rọ̀ mi ló mú mi wá síbí. Ọmọ kan béèrè pé kí ló gbé e ró. Ẹlòmíràn dáhùn pé kò sí òòfà ilẹ̀ ní ọ̀hún, pé bí nǹkan bá ti ga kọjá ibì kan, ilẹ̀ kò lè fà á mọ́. Ọ̀rọ̀ yìí wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn àgbà pàápàá, ṣùgbọ́n kò tẹ́ mi lọ́rùn, nítorí òṣùpá jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì, síbẹ̀ ayé kò jẹ́ kó lọ. Wọ́n tún béèrè pé bí gbogbo sátẹ́láìtì bá ń rìn, kí ló dé tí díìṣì orí òrùlé wa kì í yí tẹ̀ lé wọn. Ẹ̀kẹta, èyí tó ká mi lára jù nítorí pé ilé wa níbí ló ti wá, ni pé níbo ni sátẹ́láìtì FUTA, Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti ìjọba àpapọ̀ ní Àkúrẹ́ níbí, wà báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe dáhùn lóréfèé. Àlàyé tí mo lè gbé síwájú ọmọ ọdún 13 láì parọ́ fún un ni mo ń wá.

Olùkọ́ Físíìsì, Òkè-Àró, Àkúrẹ́:

Ìyá Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Òótọ́ ni ọkàn yín sọ fún yín nípa òṣùpá. Òòfà ilẹ̀ dé ọ̀hún, ó sì lágbára níbẹ̀ gan-an. Nǹkan bí 400 kìlómítà sí orí ilẹ̀ ni Ibùdó Òfurufú Àgbáyé ti ń rìn, bẹ́ẹ̀ láti àárín gbùngbùn ayé dé ibi tí a dúró sí yìí tó 6,370 kìlómítà, nítorí náà ẹni tó bá gòkè ní 400 kìlómítà kò tíì jìnnà sí ayé rárá. Bí ó bá ṣeé ṣe láti kọ́ ilé kan tó ga tó bẹ́ẹ̀, tí ẹni tó wọn 60 kìlógíráàmù nílẹ̀ níbí sì gun òṣùwọ̀n lórí rẹ̀, nǹkan bí 53 ni òṣùwọ̀n náà yóò kà. Bí ó bá yọ ẹsẹ̀ kúrò létí ilé ọ̀hún, ìsàlẹ̀ ni yóò wá bí òkúta.

Kí ló wá dé tí ibùdó náà kò jábọ́? Ó ń jábọ́ lọ́wọ́lọ́wọ́, kò sì fìgbà kan dẹ́kun jíjábọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e síbẹ̀. Orí gbólóhùn yìí ni mo rọ̀ yín pé kí ẹ mú àwọn ọmọ dúró sí fún ìgbà pípẹ́, nítorí ẹni tí ó bá yé ti mú kókó ìrìn-àjò òfurufú lọ́wọ́.

Newton, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló kọ́kọ́ là á yéni ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, ó sì fi òkè gíga kan ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ jẹ́ kí a fi òkè Ìdànrè ṣe tiwa. Ẹni tó bá dúró lórí rẹ̀ tó ju òkúta síwájú yóò rí i pé òkúta náà tẹ̀ wá sílẹ̀ níbi tí kò jìnnà. Bí ó bá fi agbára jù ú, yóò lọ síwájú sí i kó tó balẹ̀. Ẹ wá ro òkúta tí a jù pẹ̀lú agbára tó kọjá ti ènìyàn, kí ẹ sì gbà fún ìgbà díẹ̀ pé kò sí afẹ́fẹ́ tí yóò dí i lọ́wọ́. Ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ohunkóhun tó bá ń jábọ́ nítòsí ilẹ̀ máa ń rọ̀ sílẹ̀ ní nǹkan bí mítà 4.9, ìbáà jẹ́ pé wọ́n jù ú síwájú tàbí pé ó kàn bọ́ lọ́wọ́ ẹni. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ayé kò tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí ènìyàn bá lọ síwájú tààrà ní kìlómítà 7.9, ojú ilẹ̀ ti tẹ̀ lọ sísàlẹ̀ ní mítà 4.9 yẹn náà. Nítorí náà, òkúta tó bá ń sáré kìlómítà 7.9 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan yóò máa jábọ́, ilẹ̀ yóò sì máa sá fún un ní ìwọ̀n kan náà. Kò ní kan ilẹ̀ láéláé. Ó ti di ohun tó ń yí ayé po, ọ̀nà tó ń tọ̀ yìí ni a sì ń pè ní ọ̀nà ìyípo.

Ibi yìí ni ìyàtọ̀ wà láàárín gíga àti eré, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò sì rí i. Wọ́n rò pé iṣẹ́ tí rọ́kẹ́ẹ̀tì ń ṣe ni kí ó gbé nǹkan ga títí òòfà yóò fi jọ̀wọ́ rẹ̀. Gíga nìkan kò tó. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹrin ọdún 1961, Yuri Gagarin ti ilẹ̀ Soviet yí ayé po lẹ́ẹ̀kan, ìrìn-àjò rẹ̀ sì gba ìṣẹ́jú 108. Ní ọjọ́ 5 oṣù karùn-ún ọdún yẹn kan náà, Alan Shepard ti Amẹ́ríkà gòkè dé nǹkan bí 187 kìlómítà, èyí tó kọjá 100 kìlómítà tí ọ̀pọ̀ gbà gẹ́gẹ́ bí ààlà gbalasa òfurufú. Síbẹ̀, ìṣẹ́jú bíi 15 péré ló lò kó tó padà bọ́ sínú òkun. Àwọn méjèèjì ló dé òfurufú. Ẹni tó ní eré tó tó lápá ẹ̀gbẹ́ ni ó yí ayé po, èkejì gòkè ó sì sọ̀ kalẹ̀.

Eré yìí pọ̀ ju ohun tí ojú wa rí rí lọ. Kìlómítà 7.66 ni ibùdó náà ń rìn ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà láti òkè Àkúrẹ́ dé òkè Oǹdó kò ní gbà á tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà, yóò sì yí gbogbo ayé ká ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 92.

Ní ti àwọn ènìyàn tí a ń rí nínú fídíò tí wọ́n ń léfòó nínú ibùdó náà, ẹ má ṣe sọ fún àwọn ọmọ pé òòfà ti tán lára wọn. Arìnrìn-àjò náà, ife ọwọ́ rẹ̀, omi inú ife, àti ògiri tó yí i ká ni gbogbo wọn ń jábọ́ pọ̀ ní ìwọ̀n kan náà, nítorí náà kò sí èyí tó ń tẹ èkejì mọ́lẹ̀. Títì tí ilẹ̀ ń ti ẹsẹ̀ wa sókè ni a máa ń mọ̀ lára bí ìwúwo. Níbi tí ohunkóhun kò bá ti ti ẹsẹ̀ ẹni, ìwúwo kò ní yé ara.

Pípòórá tí ìmọ́lẹ̀ náà pòórá rọrùn láti ṣàlàyé. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn tó ń tàn lára ibùdó náà ni a ń rí. Ní ìrọ̀lẹ́, ilẹ̀ ti ṣú fún wa nísàlẹ̀ ṣùgbọ́n oòrùn ṣì ń dé òkè níbẹ̀. Bó bá ti wọ inú òjìji ayé, kò sí ohun tí yóò tàn lára rẹ̀ mọ́. Ìdí nìyẹn tí a fi máa ń rí i ní kété tí ilẹ̀ bá ṣú tàbí ní ìdájí, tí a kì í sì í rí i ní ọ̀gànjọ́ òru.

Onídíìṣì, Yábà, Oǹdó:

Ẹ kú àlàyé, ọ̀gá Olùkọ́. Ẹ jẹ́ kí n gba ọ̀rọ̀ díìṣì, nítorí iṣẹ́ tí mo ń ṣe nìyẹn, mo sì máa ń bá àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mi sọ ọ́ kí wọ́n tó fọwọ́ kan fáìńdà, ẹ̀rọ tí a fi ń wá sátẹ́láìtì.

Bí sátẹ́láìtì bá ṣe jìnnà sí ayé tó ni eré rẹ̀ ń dín kù tó, ọ̀nà tí yóò rìn sì ń gùn sí i. Èyí tó wà ní 400 kìlómítà ń yí ayé po láàárín wákàtí kan ààbọ̀ ó lé díẹ̀. Òṣùpá, tó jìnnà tó nǹkan bí 384,000 kìlómítà, ń lo ọjọ́ 27 ó lé díẹ̀. Ó di dandan nígbà náà pé ibì kan wà láàárín àwọn méjèèjì tí ìyípo kan yóò ti gba ọjọ́ kan géérégé, bí ayé fúnra rẹ̀ ṣe ń yí. Ibẹ̀ ni 35,786 kìlómítà sí òkè ìlà agbedeméjì ayé. Sátẹ́láìtì tí wọ́n bá fi síbẹ̀, tó sì kọjú sí ìlà-oòrùn bí ayé ṣe kọjú sí i, ń sáré tó kìlómítà 3 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ṣùgbọ́n nítorí pé àwa náà ń bá ayé yí lọ nísàlẹ̀, ojú kan ni ó dúró sí lójú wa. Bí a bá ti mú un, a dè é pa ni. Kò sí ìdí tí a ó fi tún yí díìṣì, àfi bí ìjì bá ṣí i nípò.

Gbogbo sátẹ́láìtì irú èyí ló tò sórí ìlà kan ṣoṣo lójú ọ̀run, lórí ìlà agbedeméjì ayé, àlàfo tó wà láàárín wọn ni a sì ń fi dìgírì kà. NigComSat-1R, sátẹ́láìtì orílẹ̀-èdè wa tí wọ́n gbé lọ láti ilẹ̀ Ṣáínà ní ọjọ́ 19 oṣù kejìlá ọdún 2011, wà ní 42.5 dìgírì ìlà-oòrùn. Èyí tí ọ̀pọ̀ ilé ń lò fún DStv wà ní 36. Bí ẹ bá dúró ní Àkúrẹ́ tàbí Oǹdó tí ẹ fẹ́ mú 36, ìlà-oòrùn ni ẹ ó kọjú sí, ẹ ó yà díẹ̀ sí apá gúúsù nítorí pé àwa wà ní nǹkan bí dìgírì 7 sí àríwá ìlà agbedeméjì, ẹ ó sì gbójú sókè tó nǹkan bí 53 dìgírì. Ẹ má fi ìdúró àwo díìṣì gan-an wọn igun yìí o, nítorí wọ́n ṣe àwo náà lọ́nà tí ibi tó ń gbà láti ọ̀run fi ga ju ibi tó dà bíi pé ó kọjú sí lọ. Ẹni tó bá wà ní London kò lè rí sátẹ́láìtì ìlà yìí kankan tó ga kọjá nǹkan bí 31 dìgírì, nítorí pé ó ti jìnnà sí ìlà agbedeméjì. Ilé aládùúgbò tàbí igi kan lè dí i pátápátá. Ní tiwa níbí, òrùlé kúkurú ti tó.

Jíjìnnà náà ní ohun tó ń gbà lọ́wọ́ wa. Bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń yára tó yẹn, ọ̀rọ̀ tó bá gòkè lọ sí 35,786 kìlómítà tó sì sọ̀ kalẹ̀ yóò lo nǹkan bí ìdá mẹ́rin ìṣẹ́jú àáyá kan. Lára ohun tó ń mú kí akọ̀ròyìn tó wà lókè òkun máa dákẹ́ díẹ̀ kó tó dáhùn lórí tẹlifíṣàn nìyẹn, bí ó bá jẹ́ pé sátẹ́láìtì ni wọ́n fi ń bá a sọ̀rọ̀.

Ìyá Olùkọ́, Ọ̀bà-Ilé, Àkúrẹ́:

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ó yé mi, yóò sì yé wọn. Ṣùgbọ́n bí ohun tó ń yípo kò bá nílò ẹ́ńjìnnì láti máa lọ, tí kò sì ní kan ilẹ̀ láéláé, báwo ni ti FUTA ṣe wá jábọ́, bí àwọn kan ti sọ?

Akẹ́kọ̀ọ́jáde FUTA, Àkúrẹ́:

Mà, nígbà tí ọ̀gá Olùkọ́ sọ pé òkúta náà kò ní kan ilẹ̀, wọ́n ti kọ́kọ́ ní kí a gbà pé kò sí afẹ́fẹ́. Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ rọ̀ mọ́.

Nigeria EduSat-1 ni orúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ àjọṣe FUTA àti Kyushu Institute of Technology ti ilẹ̀ Jàpáànù ni, lábẹ́ ètò Birds-1, tí ilẹ̀ Jàpáànù, Gánà, Mòǹgólíà àti Bangladesh náà ní sátẹ́láìtì kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀. Àpótí kékeré kan ni, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10, tí ìwúwo rẹ̀ sì tó nǹkan bí kìlógíráàmù kan. Rọ́kẹ́ẹ̀tì Falcon 9 gbé e kúrò ní Florida ní ọjọ́ 3 oṣù kẹfà ọdún 2017 pẹ̀lú ẹrù tó ń lọ sí Ibùdó Òfurufú Àgbáyé, wọ́n sì tú u sílẹ̀ láti inú ibùdó náà ní oṣù keje. Inú mi dùn sí iṣẹ́ yẹn títí di òní, mo sì fẹ́ kí àwọn ọmọ Àkúrẹ́ mọ orúkọ rẹ̀ bí wọ́n ṣe mọ orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù.

Ní 400 kìlómítà, afẹ́fẹ́ ti fẹ́lẹ́ gan-an, ṣùgbọ́n kò tán. Ohun tó ń rìn ní kìlómítà méje ààbọ̀ ó lé ní ìṣẹ́jú àáyá yóò máa kọlu ìwọ̀nba tó kù níbẹ̀ láìdáwọ́ dúró, afẹ́fẹ́ náà yóò sì máa jẹ nínú agbára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọ̀nà ìyípo rẹ̀ ń rọ̀ sílẹ̀ nípa bẹ́ẹ̀. Ohun kan wà níbẹ̀ tó máa ń ya àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu, èyí ni pé bí ó ṣe ń rọ̀ sílẹ̀ ni eré rẹ̀ ń pọ̀ sí i, nítorí pé bí ọ̀gá Onídíìṣì ti sọ, ọ̀nà tó sún mọ́ ayé ni ti eré tó pọ̀. Ó ń sáré sí i, ó ń wọ inú afẹ́fẹ́ tó ki sí i, afẹ́fẹ́ náà sì ń fà á sílẹ̀ kíákíá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Oòrùn pàápàá ní ipa nínú rẹ̀: nígbà tí oòrùn bá ń bínú gidigidi, ó máa ń mú kí afẹ́fẹ́ òkè gbóná kí ó sì wú sókè, àwọn sátẹ́láìtì a sì tètè já. Ibùdó Òfurufú Àgbáyé náà ń jìyà èyí, ṣùgbọ́n òun ní ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń tàn lóòrèkóòrè láti tì í padà sókè. EduSat-1 kò ní ẹ́ńjìnnì. Ní ọdún 2019, ó padà wọ inú afẹ́fẹ́ ayé ó sì jóná tán lókè.

Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ọmọ náà gbọ́ ọ bí ẹni gbọ́ ìròyìn ìjábá. Àwọn tó kọ́ ọ mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí. Ó dára bẹ́ẹ̀, nítorí pé sátẹ́láìtì tó ti kú tó sì ń yí kiri lókè jẹ́ ewu fún èyí tó wà láàyè.

Ní ti jíjóná, ọ̀pọ̀ ló rò pé fífara gbo afẹ́fẹ́ nìkan ló ń fà á. Ohun tó tóbi jù níbẹ̀ ni pé nǹkan náà ń sáré débi pé afẹ́fẹ́ iwájú rẹ̀ kò ráyè sá fún un; ó ń há, ó ń fún pọ̀, ó sì ń gbóná rékọjá ohun tí irin lè gbà. Ọkọ̀ tó bá gbé ènìyàn bọ̀ láti òfurufú ní láti ní apata ooru lábẹ́, yóò sì kọ ìdí tó fẹ̀ sí iwájú kí ooru náà lè jìnnà sí ara rẹ̀. Eré tí rọ́kẹ́ẹ̀tì fi epo rẹpẹtẹ rà nígbà ìgbéra ni ọkọ̀ náà ń dá padà fún afẹ́fẹ́ ní irisi ooru.

Ọmọ Ìlàjẹ, Ìgbókọ̀dá:

Ẹ̀yin àgbà, mo ti ka gbogbo rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo sì dúpẹ́. Èmi fẹ́ mọ̀ nípa rọ́kẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀, ohun tó ń tì nígbà tó bá dé ibi tí kò sí afẹ́fẹ́. Mo tún fẹ́ mọ̀ bóyá ó ṣeé ṣe láti gbé rọ́kẹ́ẹ̀tì láti etíkun wa ní Ìlàjẹ, nítorí mo gbọ́ pé ibi tó bá sún mọ́ ìlà agbedeméjì ayé ló dára jù.

Olùkọ́ Físíìsì, Òkè-Àró, Àkúrẹ́:

Ọmọ Ìlàjẹ, ìbéèrè tó ní làákàyè ni ẹ béèrè. Rọ́kẹ́ẹ̀tì kì í ti afẹ́fẹ́ sẹ́yìn. Gáàsì gbígbóná tó ń tú jáde láti inú ara rẹ̀ ni ó ń tì sẹ́yìn, gáàsì náà sì ń tì í síwájú pẹ̀lú agbára kan náà. Ìdí nìyẹn tó fi ń ṣiṣẹ́ níbi tí afẹ́fẹ́ ti tán, kódà ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa jù níbẹ̀. Níwọ̀n bí kò ti sí afẹ́fẹ́ tí epo yóò fi jó ní ọ̀hún, ó ní láti gbé ọ́síjìn tirẹ̀ dání. Ìnáwó ibẹ̀ pọ̀. Nínú ìwúwo rọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá tó dúró nílẹ̀ tó ń dúró de ìgbéra, nǹkan bí ìdá 90 nínú 100 ni epo àti ọ́síjìn. Tsiolkovsky, olùkọ́ kan ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà, ti ṣe ìṣirò rẹ̀ jáde ní ọdún 1903 kí ẹnikẹ́ni tó fi irú rọ́kẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ lọ sí òfurufú. Nítorí ìṣirò yìí ni wọ́n ṣe ń pín rọ́kẹ́ẹ̀tì sí abala, kí abala tó bá ti jó epo rẹ̀ tán bọ́ sílẹ̀, kí èyí tó kù má baà máa ru àgbá òfìfo. Abala mẹ́ta ni Saturn V tó gbé ènìyàn lọ sí òṣùpá ní ọdún 1969 ní, ó ga tó mítà 110.

Ẹ ó tún rí i nínú fídíò pé rọ́kẹ́ẹ̀tì kì í gòkè tààrà pẹ́. Láìpẹ́ tó bá gbéra ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ń jáde kúrò nínú afẹ́fẹ́ tó ki, lẹ́yìn náà ni yóò dojú kọ iṣẹ́ rẹ̀ gan-an, tí í ṣe eré lápá ẹ̀gbẹ́.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ etíkun yín ti wọlé. Ayé ń yí láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn, ohun tó bá wà lórí ìlà agbedeméjì sì ń bá a sáré ní nǹkan bí mítà 465 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Rọ́kẹ́ẹ̀tì tó bá kọjú sí ìlà-oòrùn ti gba ìwọ̀n eré yẹn lọ́fẹ̀ẹ́ kí wọ́n tó tanná sí i. Ìdí nìyí tí àwọn ará Yúróòpù fi ń gbé tiwọn láti Kourou ní French Guiana, ní dìgírì 5 sí àríwá, pẹ̀lú òkun Àtìláńtíìkì gbalaja níwájú wọn ní ìlà-oòrùn. Àwọn ará Ítálì náà lo orí òkun nítòsí Malindi ní ilẹ̀ Kẹ́ńyà, níbi tí sátẹ́láìtì Uhuru ti gbéra ní ọjọ́ 12 oṣù kejìlá ọdún 1970.

Ìlàjẹ wà ní nǹkan bí dìgírì 6, nítorí náà ẹ̀bùn eré náà fẹ́rẹ̀ẹ́ pé. Ohun tí kò sí ni òkun ní ìlà-oòrùn. Rọ́kẹ́ẹ̀tì tó bá kọjú síbẹ̀ láti etíkun yín yóò gba orí Delta àti àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn tó wà ní ìlà-oòrùn rẹ̀ kọjá, àwọn abala tó ń bọ́ sílẹ̀ yóò sì máa já sórí ilé àti oko àwọn ènìyàn. Kò sí ẹni tó lè gba irú rẹ̀ láyè.

Ṣùgbọ́n ẹ wo gúúsù. Láti etíkun Ìlàjẹ lọ sí gúúsù, omi ni títí dé ilẹ̀ yìnyín ìsàlẹ̀ ayé. Àwọn sátẹ́láìtì tó ń ya àwòrán ilẹ̀, bí NigeriaSat-1 tí wọ́n gbé lọ ní ọjọ́ 27 oṣù kẹsàn-án ọdún 2003, ọ̀nà ìyípo tó ń gba orí àríwá àti gúúsù ayé kọjá ni wọ́n ń tọ̀, kí ayé lè máa yí lábẹ́ wọn kí wọ́n sì rí gbogbo rẹ̀. Yíyí ayé kò ṣe irú wọn láǹfààní kankan, ìdí nìyẹn tí Plesetsk, ní òkè àríwá ilẹ̀ Rọ́ṣíà tó jìnnà réré sí ìlà agbedeméjì, fi tó láti gbé NigeriaSat-1. Fún iṣẹ́ yẹn, ohun tí ibùdó ìgbéra nílò jù ni ọ̀nà gbalaja tí kò sí ènìyàn lábẹ́ rẹ̀, ẹ sì ní in ní apá gúúsù. Ohun tí yóò gba ètò ni àwọn ibùdó epo rọ̀bì tó wà nínú òkun níwájú yín, àwọn apẹja, àti àwọn ọkọ̀ òkun tó ń lọ sí Èkó, nítorí pé wọ́n ní láti kúrò lójú ọ̀nà kí rọ́kẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan tó gbéra.